Bí Ọmọ Bá Gbé Violin Wọlé

 

Bí ìwé yíyan iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ bá ti dé láti ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ kan máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa. Ọmọ fẹ́ mú orin, òbí ní kó mú sáyẹ́ǹsì sí i. Òbí á ní, "Ṣé tìtorí violin la ṣe gbé ẹ wá sí Kánádà?" Ọmọ á dákẹ́, á wọ yàrá lọ.

A mọ ohun tó ń dun òbí. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ òru dé fẹ́ sùn ni. Ká má purọ́, violin ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń dún bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ará òkè náà á sì máa fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ti ọmọ kan fún yín.

Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí Sheku Kanneh-Mason ní 1999. Sierra Leone ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí, ìdílé bàbá rẹ̀ sì wá láti Antigua. Ọmọ méje ni wọ́n, gbogbo wọn ló mọ ohun èlò orin lò. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti bẹ̀rẹ̀ cello, ìyẹn ẹ̀gbọ́n violin, tí wọ́n ń jókòó ta láàárín orúnkún. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ló lọ bíi tàwọn ọmọ wa. Bó bá di Sátidé, ó di Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ orin. Ní 2016, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó ṣì wà níléèwé, ló gba ipò kìíní nínú ìdíje BBC Young Musician. Látìgbà tí ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ẹ má sì sọ pé ohun òyìnbó ni o. Ṣebí irun ẹṣin làwọn onísákárà fi ń ta gòjé, bí wọ́n ṣe ń fi ta violin? Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí ní 1905, kọ African Suite fáwọn olóhun èlò onítìn-ín-rín ní 1944. Apá tó gbẹ̀yìn ń jẹ́ Akinla, ohùn highlife ló wà nínú rẹ̀. Akinla yìí ni Clyde Gilmour fi ṣe orin ìdánimọ̀ ètò rẹ̀ lórí rédíò CBC, Gilmour's Albums, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956 tó sì parí ní 1997. Àwọn ará Kánádà ń gbọ́ ọmọ wa nínú ilé wọn, ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀!

Ẹ̀yin òbí, owó kò gbọdọ̀ dènà. Ọ̀pọ̀ iléèwé ń yá ọmọ ní ohun èlò. Sistema Toronto, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn iléèwé. Toronto Symphony Youth Orchestra, tó wà látọdún 1974, ń gba ọ̀dọ́ títí dé ọmọ ọdún méjìlélógún. Ìdánwò ni wọ́n fi ń wọlé, wọn kì í gba owó ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé-ẹ̀rí orin tí ọmọ gbà níta lè fún un ní kírédíìtì méjì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú ìwé-ẹ̀rí girama Ontario. Ẹni tó ń ta violin ṣì lè di dókítà.

Ẹ̀yin ọmọ wa, tiyín náà rèé. Ẹ parí iṣẹ́ iléèwé kẹ́ ẹ tó mú violin. Ẹ bi Mọ́mì àti Dádì ní wákàtí tí wọn kì í sùn. Rọ́bà kékeré kan wà tí wọ́n ń fi há orí afárá violin, ó máa ń dín ariwo kù. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ tíṣà. Bí ẹ bá fẹ́ ta orin níléèwé, ẹ fi ọjọ́ náà tó wọn létí kó tó pẹ́, kí wọ́n lè tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Òbí tó bá ti rí ọmọ rẹ̀ láàárín ọgọ́ta ọmọ tí ọwọ́ gbogbo wọn ń lọ, tó ń bọ̀ pa pọ̀, kì í bú violin mọ́.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Níbi àpèjẹ ìparí ọdún wa, kí DJ tó bẹ̀rẹ̀, a fẹ́ káwọn ọmọ tó ń ta nǹkan dìde kí wọ́n ta á fún wa. Owó ìnáwó ń bẹ lápò o! Gbogbo wa la ó jèrè ọmọ. Àṣẹ.