Kí Ló Dé Tí Olùwádìí Fi Ń Ka Ìbéèrè Gẹ́lẹ́ Bó Ṣe Wà Nínú Ìwé?

Bí ibà bá ń ṣe yín, wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ yín kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìsoríkọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò tíì sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa gbà tó máa sọ pé ìbànújẹ́ tó ń bá ẹnì kan fínra ti di àìsàn. Ìbéèrè ni dókítà gbára lé: ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ṣé oúnjẹ ń wù yín jẹ? Ó ti tó ọjọ́ mélòó tó ti rí bẹ́ẹ̀?

Ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí bí kálukú ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ yàtọ̀ síra. Nígbà kan, àwọn dókítà ọpọlọ ní New York máa ń sọ pé schizophrenia, ìyẹn àìsàn tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ló ń ṣe àwọn aláìsàn wọn, ju bí àwọn ti London ṣe ń sọ ọ́ lọ fíìfíì. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá fi ìbéèrè kan náà yẹ àwọn aláìsàn ìlú méjèèjì wò, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1972, ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ọwọ́ àwọn dókítà ló ti wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kòkó ní Ìsẹ̀ àti Ẹmùré ní Èkìtì mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àpò kan náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kílò 62 lórí òṣùwọ̀n ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ rà á, kó wá di 57 lórí ti ẹnì kejì. Olùwádìí àti ìwé ìbéèrè ọwọ́ rẹ̀ ni òṣùwọ̀n níbí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló ń tún òṣùwọ̀n náà ṣe kó tó wọ ìgboro.

Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ yìí ti dé ilẹ̀ Yorùbá. Ìbàdàn wà lára ibùdó mẹ́sàn-án tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìwádìí ńlá lórí schizophrenia ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n sì tú àwọn ìbéèrè ìwádìí náà sí Yorùbá. Ní 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn wádìí àwọn àgbàlagbà 2,152 tí wọ́n ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Èkìtì wà níbẹ̀. CIDI ni orúkọ ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi yẹ ìsoríkọ́ wò. Ìwé àyẹ̀wò ni a ó máa pè é níbí. Wọ́n ṣe é kí ẹni tí kì í ṣe dókítà lè lò ó, bí wọ́n bá ti kọ́ ọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ olùwádìí ni kó ka ìbéèrè bó ṣe wà, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ òun ló le jù. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n bi màmá kan ní Ìkẹ́rẹ́ bóyá ìgbà kan wà tí inú rẹ̀ bàjẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Màmá ní, “Ọmọ mi, ta ni inú ẹ̀ kì í bàjẹ́?” Ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ lè sàmì sí “bẹ́ẹ̀ ni” kíá. Ẹlòmíì á ní, “Àbí torí bàbá tó kú ni?” Ó ti fi ìdáhùn sí màmá lẹ́nu nìyẹn. Ẹni tó gbẹ̀kọ́ á ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n tún un kà,” á sì dákẹ́ títí ìdáhùn á fi wá. Ó lè kí màmá lórí ìkúnlẹ̀, ó sì yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè nìkan ni kò gbọdọ̀ yí padà. Ó tún gbọ́dọ̀ fi ọ̀wọ̀ bẹ àwọn ọmọ tó jókòó tì màmá pé kí wọ́n bọ́ síta díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àgbà kì í sọ ohun tó ń dùn wọ́n lójú ọmọ.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá wo bóyá òṣùwọ̀n wọn bára mu. Olùwádìí méjì á gbọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan náà, kálukú á dá máàkì tirẹ̀ fún un láìwo ti ẹnì kejì. Wọ́n á fi kappa wọn ìfohùnṣọ̀kan wọn, ìṣirò tí Jacob Cohen gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960.

Ẹ fara balẹ̀ bá mi ṣe é. Ká ní wọ́n yẹ èèyàn 100 wò, olùwádìí kọ̀ọ̀kan sì ní ìsoríkọ́ ń ṣe 20 nínú wọn. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí èèyàn 84. Ó dára létí, àbí? Àmọ́ ká tiẹ̀ ní ṣe ni wọ́n dijú sàmì, tí kálukú kàn mú èèyàn 20, ohùn wọn ì bá ṣì ṣọ̀kan lórí nǹkan bí 68. Èèyàn 32 ló ṣẹ́ kù tí wọ́n lè fi ìmọ̀ bára mu lé lórí, 16 péré ni wọ́n sì rí mú nínú rẹ̀. Ìdajì nìyẹn: kappa wọn jẹ́ 0.5. Lójú tèmi, irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ ṣì ní láti padà sí kíláàsì.

Bí wọ́n bá tiẹ̀ yege, iṣẹ́ kò tíì tán. Nínú ìwé àyẹ̀wò, “bẹ́ẹ̀ ni” kan lè ṣí ìbéèrè tó pọ̀ sílẹ̀, nígbà tí “rárá” máa ń fo gbogbo rẹ̀ kọjá. Oòrùn ń mú, ilé púpọ̀ ṣì wà níwájú, láìmọ̀, olùwádìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbéèrè bí ẹni tó ń retí “rárá.” Ìdí nìyí tí ọ̀gá àwọn olùwádìí fi ń padà lọ sí àwọn ilé kan láti tún bèèrè, tó sì ń wò ó bóyá “bẹ́ẹ̀ ni” olùwádìí kan ń dín kù láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Gureje àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nǹkan bí 7 nínú 100 àgbàlagbà ló ní ìsoríkọ́ láàárín oṣù 12 tó ṣáájú, nǹkan bí 26 nínú 100 ló sì ti ní in rí láyé wọn. Ká ní wọ́n kánjú bèèrè ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wọ̀nyí ì bá má hàn nínú ìwé, ìjọba ì bá sì ní kò sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n.

Nítorí náà, bí olùwádìí bá kanlẹ̀kùn yín, ẹ bèèrè káàdì rẹ̀ àti ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Bí ẹ bá gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó ń kàwé sí yín létí, ẹ jẹ́ kó kà á parí, kí ẹ sì dá a lóhùn bó ṣe rí lára yín gan-an.