Omi Ìdọ̀tí Nínú Rédíétọ̀ Mọ́tò Àtijọ́: Bí A Ti Ń Fọ̀ Ọ́, àti Ibi Tí Kò Yẹ Kí A Dà Á Sí

Ẹ̀yin ará wa ní Zawan, ní Bukuru àti ní gbogbo agbègbè Jos, nínú gbogbo ìròyìn ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú àgbà tí ìwé wa yìí máa ń gbé jáde, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí mọ́tò kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Mọ́tò ni ó ń gbé wa lọ sí Ogbómọ̀ṣọ́, sí Ọ̀fà àti sí ibi gbogbo tí a ti ṣẹ̀ wá, òun náà ni ó sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé láàárín wa. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ń pa mọ́tò àtijọ́ ju bí ènìyàn ti rò lọ, èyí tí í ṣe omi ìdọ̀tí nínú rédíétọ̀.

Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ yìí mọ̀ pé omi kò jìnnà sí wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni a ti ń wa tánganran níhìn-ín, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kuza. Àwọn awakùsà gbẹ́ kòtò káàkiri, òjò sì sọ wọ́n di adágún omi. Bí rédíétọ̀ bá ń hó, adágún ni ó sábà máa ń sún mọ́ dẹ́rẹ́bà jù lọ. Yóò fi kẹ́ẹ̀gì bù ú, yóò dà á sínú rédíétọ̀, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Omi náà lè mọ́ lójú, ṣùgbọ́n amọ̀ wà nínú rẹ̀, iyọ̀ ilẹ̀ sì wà níbẹ̀. Amọ̀ a máa rọ̀ sílẹ̀, iyọ̀ ilẹ̀ a sì lẹ̀ mọ́ irin gẹ́gẹ́ bí ó ti ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tí a fi ń se omi. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ihò tóóró inú rédíétọ̀ yóò ṣe máa dí díẹ̀díẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ó jẹ́ ti òkè tí a ń gbé. Ilẹ̀ wa fi ohun tí ó ju mítà 1,200 lọ ga ju òkun. Ní Èkó, omi kì í hó títí ooru rẹ̀ yóò fi tó ìwọ̀n 100, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, bí ó bá ti tó nǹkan bí 96, ó ti ń hó nìyẹn. Ìdérí rédíétọ̀ ni ó ń gbà wá, nítorí pé ó ń tẹ omi náà mọ́lẹ̀. Ìdérí tí a kọ 13 sí lára lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 20 kún un kí omi tó hó. Bí rọ́bà inú ìdérí náà bá ti gbó, tí ìdọ̀tí sì ti dí rédíétọ̀, ẹ fojú inú wo irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èrò àti ẹrù nígbà tí ó bá ń gun òkè Hawan Kibo bọ̀ láti ìrìn-àjò ilé!

Kí a tó fọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọ̀ omi náà, nítorí àwọ̀ ni yóò sọ ohun tí ó bà á jẹ́. Bí ó bá pọ́n bí omi ìpẹtà, irin inú ẹ́ńjìnnì ni ó ń jẹ. Bí ó bá rí bí omi ẹrẹ̀, omi adágún tàbí ti kànga ni a ti ń bù sí i. Àwọn dẹ́rẹ́bà mìíràn a tún máa da ẹyin tútù tàbí ata gígún sí i kí ó lè dí ibi tí ó ń jò. Wọn kò rántí pé ohun tí ó dí ihò jíjò lè dí ihò rere pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí omi náà bá ki, tí ó ń yọ̀, tí ó sì dà bí ògì tí a da epo sí, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti wọ inú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ni ó ti já. Ẹni tí ó bá fọ rédíétọ̀ tí kò tún gásíkẹ́ẹ̀tì ṣe ń da omi sínú agbọ̀n ni. Ẹ yọ ọ̀pá ìwọnlé ọ́ìlì wò pẹ̀lú. Bí ọ́ìlì náà bá ti funfun bí wàrà, ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì náà mọ́ títí a ó fi tún un ṣe.

Bí a ti ń fọ̀ ọ́ nìyí:

Èkínní, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ìdérí tí a ṣí nígbà tí omi gbóná lè bó ènìyàn lójú àti láyà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi tútù tí a bá sì dà sínú ẹ́ńjìnnì gbígbóná lè sán irin rẹ̀.

Èkejì, ẹ gbé ọpọ́n sábẹ́ mọ́tò, ẹ tú ìdè ìsàlẹ̀ rédíétọ̀, kí ẹ sì gba gbogbo omi náà sínú ọpọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ó ṣàn sílẹ̀. A ó sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ̀kẹta, ẹ yọ thermostat, ẹ dá omi mímọ́ sí i, ẹ tan ẹ́ńjìnnì títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì tú omi náà dànù sínú ọpọ́n. Bí mọ́tò náà bá ní ẹ̀rọ amúlé-gbóná, ẹ ṣí i kí omi lè dé inú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tú rọ́bà òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹ ti ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ fún un ní omi kí ó gba òkè jáde, nítorí pé ọ̀nà tí ìdọ̀tí gbà wọlé ni ó rọrùn fún un láti gbà padà. Ti ẹ́ńjìnnì, ẹ ti òkè fún un kí ó gba ìsàlẹ̀ jáde. Ẹ má ṣe fi agbára omi ńlá sí i, nítorí rédíétọ̀ àgbà lè bẹ́. Ẹ máa ṣe é títí omi tí ń jáde yóò fi mọ́ bí èyí tí ń wọlé.

Bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, omi lásán kò lè ṣí i. Ẹ ra oògùn ìfọ-rédíétọ̀, kí ẹ sì lò ó bí a ti kọ ọ́ sí ara agolo. Ẹ má ṣe lo kọ́sítíìkì tàbí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Orí ẹ́ńjìnnì Peugeot 504, tí a bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kaduna ní ọdún 1975, alumíníọ́mù ni, kọ́sítíìkì sì ń jẹ alumíníọ́mù bí kòkòrò ti ń jẹ ewé. Àwọn rọ́bà tí ọ́ìlì ti mú wú, ẹ pààrọ̀ wọn.

Nígbà tí a bá parí, kí a dá thermostat tí ó dára padà. Àwọn mẹkáníìkì kan a máa sọ ọ́ nù, pé ilẹ̀ wa gbóná. Àwa tí a ń jí nínú ọyẹ́ ní oṣù kìíní ọdún mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò bá ti ibí mu. Ẹ́ńjìnnì tí kì í tètè gbóná ń jẹ epo púpọ̀, ó sì ń tètè gbó.

Ní ti omi tí a ó dá padà, àwọn kan a máa wí pé, níwọ̀n ìgbà tí omi kì í dì nínú mọ́tò ní Jos, kí ni a ń fi kúláǹtì ṣe? Ìdáhùn wa ni pé kúláǹtì kì í ṣe ti omi dídì nìkan. Ó ń lé ìpẹtà sẹ́yìn, pàápàá níbi tí irin àti alumíníọ́mù bá ti jọ ń gbé, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdajì omi aláìní iyọ̀, irú èyí tí a ń rọ sínú bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra lọ́jà! Áàsíìdì bátìrì àti omi bátìrì ń jókòó lórí káńtà kan náà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù ni ti ọpọ́n tí a gbé sábẹ́ mọ́tò. Májèlé ni kúláǹtì, ó sì dùn lẹ́nu. Ọmọdé lè mu ún, ewúrẹ́ àti ajá sì lè lá a. Ethylene glycol ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sì ni òun àti diethylene glycol. Àwa ará Jos kò gbọdọ̀ gbàgbé orúkọ kejì yìí. Ní ọdún 1990, òun ni ó wà nínú oògùn ibà olómi tí a fún àwọn ọmọdé. Wọn kò lè tọ̀ mọ́, kíndìnrín wọn dáṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ 47 sì kú ní Jos níhìn-ín. Láàárín ọdún 2008 sí 2009, ó tún wọ inú oògùn eyín ọmọdé ní orílẹ̀-èdè wa, ó sì pa ju 80 lọ. Bí ọmọ bá mu kúláǹtì, ẹ má ṣe fi epo pupa dúró dè é, ẹ má sì ṣe wò ó bóyá ara rẹ̀ yóò yá. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ike kúláǹtì náà dání.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe da omi rédíétọ̀ sí gọ́tà, sí ẹ̀bá kànga tàbí sí adágún. Omi adágún wọ̀nyí ni àwọn Berom, tí wọ́n ni ilẹ̀ tí a ń gbé, fi ń bomi rin oko ẹ̀fọ́ àti ànàmọ́ òyìnbó lákòókò ẹ̀rùn, àwa náà sì ń ra ẹ̀fọ́ náà jẹ. Àlejò tí ó bá ba omi onílé jẹ́, ara rẹ̀ ni ó ń bà jẹ́. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e pinpin, ẹ kọ MÁJÈLÉ sí i lára, kí ẹ sì gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí àwọn onímọ́tò inú ẹgbẹ́ wa dá owó jọ ra dúrọ́ọ̀mù kan tí ó ní ìdérí, kí gbogbo wa lè máa kó o sójú kan, títí a ó fi rí ilé iṣẹ́ tí yóò gbà á lọ́wọ́ wa.

Gbogbo iṣẹ́ yìí kò ju ti ọjọ́ kan lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sílé fún ọdún, kí ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ó lè rí àyè wò ó bóyá omi náà tún ń yí àwọ̀ padà. Ọ̀nà á là o, a ó lọ ire, a ó sì bọ̀ ire.