ẸNU TÍ RỌ́KẸ́Ẹ̀TÌ FI Ń TU INÁ: ÌṢIRÒ NI ṢÁÁJÚ ÒÒLÙ!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ gbọ́ ná. Ẹni tí kò ní ọkọ̀, iye tí onímọ́tò bá dá lé ẹrù rẹ̀ ni yóò san. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ Nàìjíríà rí lójú òfurufú. Lọ́dún 2003, rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà ló gbé NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì wa àkọ́kọ́, lọ sókè. Lọ́dún 2007, ti Ṣáínà ló gbé NigComSat-1. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé iṣẹ́ tó wà fún rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa kò tíì gbé sátẹ́láìtì kankan.

Kí ló le níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká mú ibì kan ṣoṣo: ẹnu ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì, níbi tí èéfín gbígbóná ń gbà tú jáde, tó fi ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sókè.

Alágbẹ̀dẹ Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ẹmùré mọ̀ pé bí ẹnu ẹwìrì bá fún, afẹ́fẹ́ a máa yára. Òótọ́ ni, àmọ́ ó níbi tó mọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti sáré tó ohùn, fífún kò lè mú un yára mọ́. Fífẹ̀ ló kù! Ìdí nìyí tí ẹnu rọ́kẹ́ẹ̀tì fi fún lọ́rùn bí akèrègbè, tó wá là gbàgàdà bí ẹnu kàkàkí.

Báwo ló ṣe yẹ kó fẹ̀ tó? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà o! Bó bá fẹ̀ jù, tí rọ́kẹ́ẹ̀tì kò sì tíì lọ sókè púpọ̀, èéfín a yọwọ́ lára irin, a máa mì ín jìgìjìgì, ó lè fà á ya. Bí kò bá fẹ̀ tó, agbára ṣòfò. Bó bá gùn jù, ó wúwo. Ojú lásán kò lè wọ̀n ọ́n. Lọ́dún 1929, Prandtl àti Busemann ní Jámánì fi ìlà fífà lórí ìwé ṣírò rẹ̀. Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń pín inú ẹnu náà sí wẹ́wẹ́, tó ń ṣírò ooru àti ìyára èéfín níbì kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi rí bó ṣe yẹ kí irin tẹ̀.

Ẹ rántí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀n báyìí. Igi tó bá ti gbẹ́ kúrò kò ṣe é lẹ̀ padà. Irin rọ́kẹ́ẹ̀tì tún wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní ìṣirò le, ẹ má ní kó fi sílẹ̀ o jàre. Wẹ́dà nìkan kò lè dá a ṣe, onímọ̀ ìṣirò nìkan kò lè dá a ṣe. Bí àwọn méjèèjì kò bá tíì pàdé, owó ọkọ̀ la ó máa san.

Kí lẹ rí sí i? Ẹ kọ̀wé sí wa.