Àyà tó ń ta ni lóru, èémí tó ń dá dúró lójú oorun

Lónìí, a kò ní í sọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ tàbí ti àwọn agbowó-orí lójú ewé yìí. Ọ̀rọ̀ oorun la fẹ́ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ híhanrun ní ìpàdé, ẹ̀rín ni gbogbo ilé máa ń bú sí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ìpàdé wa tó kọjá, nígbà tí ìyá kan tó ń ta ẹ̀lúbọ́ dìde, tó ní kí ẹgbẹ́ bá òun dúpẹ́, pé híhanrun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun. Àwa tí à ń kọ èyí gan-an rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa sọ̀rọ̀ tán, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu gbogbo wa. Lẹ́yìn ìpàdé, àwọn mẹ́ta ló tọ̀ ọ́ lọ ní kọ̀rọ̀, pé ohun tó ṣe é ló ń ṣe àwọn náà. Ìdí nìyẹn tí a fi lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀, tí a sì lọ bi dókítà ní ìbéèrè kí a tó mú kálàmù. Ìyá náà ní kí a má dárúkọ òun, nítorí àwọn àna òun ń ka ìwé ìròyìn yìí. A gbọ́.

Kì í ṣe híhanrun ló kọ́kọ́ yọ ọ́ lẹ́nu o. Àyà ló ń ta á. Ó lé ní ọdún méjì. Ní ọ̀sán, kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Àmọ́ bó bá ti sùn lọ, tó bá di nǹkan bí aago kan òru, omi kíkan á ru wá sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ikọ́ á gbé e dìde, àárín àyà á máa ta á bí ìgbà tí wọ́n fi ata rodo pa á. Á jókòó, á mu omi, á gùfẹ̀, á tún dùbúlẹ̀. Ẹ mọ ohun tí gbogbo wa ń pe èyí: "Ọgbẹ́ inú ni." Kò lọ sí ọsibítù. Ó ń ra oògùn funfun inú ìgò, èyí tí à ń mì pọ̀ kí a tó mu. Bó bá mu ún, á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Lóru ọjọ́ kejì, ó tún dé.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta jí lóru bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ bí irú èyí bá ń ṣe èèyàn. Wọ́n ní ọ̀tá ni, wọ́n ní ogun òru ni. Ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà, ó lọ sùn sí orí òkè. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà, àwa náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ní orí òkè náà, ó ta jí bákan náà, àwọn tó sùn tì í sì kó ẹní wọn lọ sí ọ̀nà jíjìn nítorí ariwo imú rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ àwọn nǹkan mìíràn tí kò kà sí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, orí á máa fọ́ ọ, ẹnu á gbẹ táútáú. Ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń dìde tọ̀ lóru. Ní aago mọ́kànlá àárọ̀, ó ti sùn lórí àpò ẹ̀lúbọ́, àwọn oníbàárà á máa pè é pé, "Ìyá, ẹ jí o, a fẹ́ rajà!" Wọ́n fún un ní oríṣi oògùn méjì fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń lò ó déédéé, ẹ̀jẹ̀ náà kò wálẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó gba owó àjọ, ó wọ ọkọ̀, oorun gbé e lọ. Nígbà tó fi máa lajú, ọkọ̀ ti kọjá ibi tó yẹ kó ti sọ̀. Ẹni tó jókòó tì í ti sọ̀, owó náà sì ti bá a sọ̀. Ìyá náà sunkún bó ṣe ń sọ èyí fún wa. Ó ní àwọn ará ilé ń pe òun ní ọ̀lẹ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló tú àṣírí náà. Ọmọ yìí bímọ, ìyá sì lọ bá a tọ́jú ìkókó. Yàrá kan náà ni wọ́n sùn. Bí ìyá ọmọ ṣe jókòó tó ń fún ọmọ lọ́mú láàárín òru, ó ń gbọ́ tí màmá rẹ̀ ń hanrun. Lójijì, ilé dákẹ́. Kò gbọ́ híhanrun, kò gbọ́ èémí. Ẹ̀rù bà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta, títí ó fi ka ogún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ka ọgbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ìyá ta gìrì, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú odò, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Kò pẹ́, ó tún dákẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ ní, "Màámi, ẹ ò mí lóru."

Ìyá ní, "Ta ni ò mí? Èmi rèé o."

Ọmọ náà gbọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní kó gbọ́ ọ. Ìyá ní òun kò mọ̀ pé òun lòun ń dún bẹ́ẹ̀. Fóònù yẹn náà ni wọ́n gbé dé iwájú dókítà, òun ló sì mú kí ọ̀rọ̀ yá kíá.

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí ni sleep apnea. Dókítà tí a bá sọ̀rọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, a ó sì sọ ọ́ bó ṣe yé wa. Bí èèyàn bá sùn, gbogbo iṣan ara ló ń dẹ̀, títí kan ti ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ wo nylon píọ̀ wọ́tà. Bí ẹ bá ń fà á mu tí omi rẹ̀ fẹ́ẹ́ tán, ẹ ó rí i pé nylon náà á lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ọ̀fun àwọn kan ṣe ń lẹ̀ pọ̀ lójú oorun. Àyà ń fa afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé. Bó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kà á sí ìdádúró kan. Nígbà náà ni ọpọlọ á ta èèyàn jí díẹ̀ kó lè mí, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní í rántí. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 5 láàárín wákàtí kan, ó ti di àìsàn. Bó bá tó ìgbà 30, ó ti le gan-an nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa ru sókè, ọkàn á máa ṣe làálàá. Ẹ wá rí ìdí tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò fi ṣiṣẹ́ tó. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè fa àrùn ọkàn, ó sì lè fa àrùn rọpárọsẹ̀.

Kí ni èyí kan àyà títa? Òun gan-an ni a fẹ́ kí ẹ mọ̀. Láàárín ọ̀nà oúnjẹ àti àpòlúkù, iṣan kan wà níbẹ̀ bí ẹnu àpò tí a fi okùn fún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí omi kíkan inú padà sókè. Bí ikùn bá kún, tí a sì na gbalaja, omi yìí á máa wá ọ̀nà. Tí ọ̀nà ọ̀fun bá tún dí, tí àyà ń jà fitafita láti fa afẹ́fẹ́, ó lè máa fa omi kíkan náà sókè pẹ̀lú. Dókítà kò sọ pé ọ̀kan ló ń bí èkejì fún gbogbo èèyàn o. Ó ní àwọn méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀ ni, àti pé sísanra jù lè fa méjèèjì. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń hanrun ni èémí rẹ̀ ń dá, kì í sì í ṣe gbogbo àyà títa ló ní híhanrun nínú. Àmọ́ ẹni tí méjèèjì bá ń ṣe, tó wá ń mu oògùn àyà nìkan, ìdajì àìsàn ló ń tọ́jú, èyí tó sì léwu jù ló fi sílẹ̀.

Ó tún sọ ohun kan tó yẹ kí gbogbo wa fetí sí. Àwọn èèyàn rò pé àìsàn ọkùnrin ni. Bí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dúró, ó ń wọ́pọ̀ lára tiwa náà. Nígbà mìíràn, àìsun tàbí àárẹ̀ ṣáá ni obìnrin á máa sọ, kò ní í dárúkọ híhanrun nítorí ojú ń tì í. Ẹ mú téèpù aránṣọ, kí ẹ wọn ọrùn yín. Bó bá ju ínṣì 16 lọ fún obìnrin, tàbí 17 fún ọkùnrin, tí híhanrun wà níbẹ̀, ó yẹ kí ẹ lọ yẹ ara yín wò. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà lè ní in. Bó bá sì jẹ́ pé ọkọ yín tàbí ọmọ yín tó ń wakọ̀ ló ń ṣe, ẹ má jẹ́ kó pẹ́, nítorí oorun ìdí ọkọ̀ kì í ṣe eré.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ nípa ara wa. Aago mẹ́jọ alẹ́ la ń palẹ̀ ọjà mọ́. Pẹ̀lú súnkẹrẹ fàkẹrẹ ojú ọ̀nà, aago mẹ́wàá la ń dé ilé. Èbà ńlá, ọbẹ̀ ata, omi tútù, ó di orí bẹ́ẹ̀dì. Oúnjẹ tí a kò jẹ láti àárọ̀ la ń kó jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Dókítà ní ó kéré tán, ó yẹ kí wákàtí mẹ́ta wà láàárín oúnjẹ àti oorun. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ bi í pé, "Dókítà, nígbà wo lẹ fẹ́ kí n wá sùn?" Àwa náà ì bá bi í bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe nìyí: ó ń jẹ àmàlà rẹ̀ ní ìsọ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bó bá délé, bí ebi bá ń pa á, nǹkan díẹ̀ tó fúyẹ́ ló ń fi sẹ́nu. Ní ti ata, dókítà kò ní kó fi í sílẹ̀ pátápátá. Ó ní, "Màmá, ohun tí ẹ bá rí i pé ó ń ta yín lóru, òun ni kí ẹ dín kù." Fún ìyá yìí, dòdò alẹ́ ni àti obì gbànja tó ń jẹ kí oorun má baà gbé e. Obì náà wà lára ohun tó lè máa tú ẹnu àpò yẹn sílẹ̀.

Ó gbé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè. Búlọ́ọ̀kù méjì oní-ínṣì 6 ni, ó tẹ́ wọn sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì ti ìhà orí lé e. Ìrọ̀rí mẹ́ta kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí ńṣe ni yóò ká ikùn pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló fi ń sùn báyìí, nítorí bí a bá fi òsì sùn, àpòlúkù á wà nísàlẹ̀ ọ̀nà oúnjẹ. Kó má baà yí padà sí ẹ̀yìn, ọmọ rẹ̀ ká ìbọ̀sẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù, ó rán an mọ́ ẹ̀yìn aṣọ ìwọ̀sùn rẹ̀. A rẹ́rìn-ín sí èyí, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́, nítorí fífẹ̀yìn lélẹ̀ ló ń mú méjèèjì le sí i.

Kí a tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ oògùn. Kẹ́míìsì kan ti ta oògùn oorun fún un nígbà tó ní òun kò rí oorun sùn. Ẹ má ṣe é o! Oògùn oorun àti ọtí líle ń mú kí ọ̀nà ọ̀fun túbọ̀ dẹ̀ ni, títí kan ògógóró tí wọ́n fi ń rẹ egbò. Oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac tí à ń gbé mì bí ẹ̀pà náà ń da inú láàmú. Omeprazole tí dókítà kọ fún un, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó jẹun àárọ̀ ló ń lò ó, kì í ṣe lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tí oúnjẹ bá ń há lọ́fun, tó ń bì ẹ̀jẹ̀, tó ń yàgbẹ́ dúdú, tàbí tó ń rù láìnídìí, ọsibítù ni kó gbà lọ. Bí àyà títa bá sì mú òógùn wá, tó ń ro dé apá tàbí àgbọ̀n, ọkàn lè ni. Ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́.

Ní ọsibítù, wọ́n so wáyà mọ́ ọn láyà àti ní ìka, ó sùn mọ́jú. Wọ́n wá ní kó ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní CPAP. Dókítà ará Ọsirélíà kan, Colin Sullivan, ló gbé e jáde ní ọdún 1981. Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ìbomú wọlé, kí ọ̀nà ọ̀fun má lè pàdé. Ẹ̀rù ba ìyá. Ó ní, "Ṣé ọ́síjìn lẹ fẹ́ fi mí sí ni?" Wọ́n ní afẹ́fẹ́ inú yàrá rẹ̀ náà ni. Ẹ̀rọ yìí wọ́n, a kò ní í purọ́ fún yín. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ló yá a lówó, ó sì ń san án pa dà lóṣooṣù. Ó ra bátìrì sí i nítorí iná. Ní oṣù àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ ń kún inú rẹ̀, ó padà lọ, wọ́n bá a tún un ṣe. Láti ìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀, omi kíkan náà kò sì wá tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lóru tí iná bá lọ tí bátìrì kú, búlọ́ọ̀kù àti ẹ̀gbẹ́ òsì ló ń gbára lé.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù tó wà nítòsí yín, kí wọ́n fún yín ní ìwé lọ sí ẹ̀ka tó ń wo etí, imú àti ọ̀fun ní ọsibítù ńlá bíi UCH n'Íbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹ mú ẹni tó ń gbọ́ oorun yín dání, tàbí fóònù tó gba ohùn yín.

Nínú àwọn mẹ́ta tó tọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lọ lẹ́yìn ìpàdé, méjì ti lọ. Ẹ̀kẹta ní kí ọjà Kérésìmesì kọjá ná. A ti bẹ ọmọ rẹ̀ kó máa jókòó tì í lóru, kó máa ka èémí rẹ̀.