ÀMÌ ÀṢẸ ORÍLẸ̀-ÈDÈ: KÍ LÓ Ń SỌ FÚN WA?



Tí ẹ bá mú pásípọ́ọ̀ Benin lọ́wọ́, kí ẹ tó ṣí i rárá, ẹ ó rí àwòrán kan lára ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹkùn méjì ló dúró, asà kan wà láàárín wọn. Ẹ ó rí àwòrán yìí kan náà lórí ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba. Àwọn elédè Faransé ń pè é ní armoiries. Àwa lè pè é ní àmì àṣẹ orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ wa ti ń rí i tipẹ́, ṣùgbọ́n a ò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ jẹ́ ká kà á lónìí bí a ti ń ka ìwé.

Níbo ni irú àmì yìí ti wá?

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ní nǹkan bí ọdún 1150, àwọn jagunjagun orí ẹṣin a máa wọ ẹ̀wù irin, wọn a sì dé fìlà irin tó bo ojú. Lójú ogun, ta ni ọ̀rẹ́? Ta ni ọ̀tá? Ó ṣòro láti mọ̀. Ni olúkúlùkù bá ń kun àmì tirẹ̀ sára asà rẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ ń jogún àmì baba rẹ̀. Àwọn ìlú àti àwọn orílẹ̀-èdè náà wá gba tiwọn. Ìdí nìyí tí asà fi wà láàárín irú àmì bẹ́ẹ̀ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń gbé e lọ sójú ogun mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn baba wa a máa fi ilà ojú mọ ọmọ ilé kan yàtọ̀ sí ọmọ ilé mìíràn. Oríkì náà ń sọ ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá. Àmì àṣẹ dà bí oríkì tí a ń fi ojú wò dípò kí a fi etí gbọ́.

Àmì àwọn ọba Àgbómẹ̀

Nílẹ̀ wa níhìn-ín, ọba Àgbómẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Ẹfọ̀n ni àmì Gezo, tó jọba láti 1818 sí 1858. Kinniún ni ti Glele ọmọ rẹ̀, tó jọba tẹ̀ lé e títí di 1889. Gbehanzin, tó bá àwọn Faransé jagun, mú ẹja ńlá inú òkun, èyí tó ń pa ènìyàn jẹ. Ó fi ń sọ pé ẹni tó bá gba ojú òkun wá gbógun ti òun yóò rí ìjà.

Àwọn oníṣọ̀nà a máa gé àwọn àmì yìí lára aṣọ aláwọ̀, wọn a rán an mọ́ aṣọ ńlá. Tí ọba bá sì rán ìránṣẹ́, ìránṣẹ́ a mú ọ̀pá ọba dání. Ẹni tó bá rí ọ̀pá náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọba ló ń bọ̀.

Ní 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé kó ọ̀pọ̀ ohun ọlá kúrò láàfin Àgbómẹ̀. Ní 2021, ilẹ̀ Faransé dá 26 padà nínú wọn. Ère Glele tó jẹ́ ìdajì ènìyàn, ìdajì kinniún wà lára wọn. Ère Gbehanzin tó jẹ́ ìdajì ènìyàn, ìdajì ẹja náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun kan. Lójú ará Àgbómẹ̀, ìyìn ni kinniún Glele. Lójú ará Kétu ńkọ́, tí ogun Glele fọ́ ìlú wọn ní 1886? Ìbẹ̀rù ni. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè tó bá kó gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyí jọ sábẹ́ òrùlé kan gbọ́dọ̀ wá àmì tí gbogbo wọn lè pè ní tiwọn.

Asà ojúlé mẹ́rin

Dàhòmì gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọdún 1960. Ní 1964 ni wọ́n gba àmì tí à ń wí yìí. Asà náà pín sí ojúlé mẹ́rin:

1. Lókè, lápá òsì yín: ilé alámọ̀ àwọn Somba, ní Atakora, lápá àríwá. Ilé alájà ni. Ẹran ọ̀sìn ń sùn nísàlẹ̀, àká oúnjẹ wà lókè, ògiri rẹ̀ sì ń dáàbò bo ará ilé.

2. Lókè, lápá ọ̀tún: ìràwọ̀ Benin. Àmì ọlá ni, fún ẹni tó sin ìlú dáadáa.

3. Nísàlẹ̀, lápá òsì: igi ọ̀pẹ tó so. Kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìwúlò ọ̀pẹ fún láàárín wa.

4. Nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún: ọkọ̀ ojú omi dúdú. Ó ń rántí dídé àwọn òyìnbó. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló kó àwọn ènìyàn wa láti Ouidah lọ sí Brazil àti Cuba, lóko ẹrú. Àmì ìlú kì í ṣe ti ayọ̀ nìkan.

Lókè asà, ìwo dúdú méjì wà, orí àgbàdo ń yọ nínú wọn: oúnjẹ kún ilé. Ẹkùn méjì ló sì di asà náà mú. Nísàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà: Fraternité, Justice, Travail. Ìyẹn ni pé: ká ṣe bí ọmọ ìyá, ká ṣe òdodo, ká ṣiṣẹ́.

Ó lọ, ó padà

Ní 1975, ìjọba yí orúkọ Dàhòmì padà sí Benin. Wọ́n pa àmì àtijọ́ tì, wọ́n gba òmíràn tó ní ìràwọ̀ pupa. Ní 1990, lẹ́yìn àpérò ńlá tí gbogbo ìlú ṣe ní Kútọnu ní oṣù kejì, ìjọba yí padà, àmì 1964 sì padà wá. Ẹ rí i pé tí ìṣèlú bá yí, àmì náà lè yí.

Ẹ̀yin ará Togo, tiyín náà wà. Kinniún méjì ló kọ ẹ̀yìn síra, wọ́n mú ọrun àti ọfà lọ́wọ́. Ọ̀kan ń wo ìhín, èkejì ń wo ọ̀hún, kí ọ̀tá má bàa gba ibì kankan wọlé.

Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún

Ẹni tí kò tíì mọ̀wé máa ń rí ẹkùn méjì lórí ìwé, ẹ̀rù á bà á, á sì tẹ̀ka. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀pá ọba lè bọ́ sọ́wọ́ èké. Àwòrán ò ṣòro láti tẹ̀. Ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ àmì náà: orúkọ ta ni? Ọjọ́ wo? Ta ló fọwọ́ sí i? Ilé iṣẹ́ wo ló ti wá? Tí kò bá yé yín, ẹ mú un lọ sí mairie, kí ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Àmì ń sọ pé ìjọba ló ń sọ̀rọ̀. Ìwé tí ẹ kà ló máa sọ bóyá òótọ́ ni.

Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí èyí

1. Kí ni ohun mẹ́rin tó wà nínú asà Benin?
2. Kí ló dé tí àmì kan lè jẹ́ ìyìn lójú ẹnì kan, kó jẹ́ ìbẹ̀rù lójú ẹlòmíràn?
3. Tí a bá ní kí abúlé yín ya asà tirẹ̀, kí lẹ ó fi sínú rẹ̀? Ṣé gbogbo ilé ló máa gbà pé tàwọn ni?