Ohùn Yorùbá Nínú Kọ̀ǹpútà Olórin

Ní ọdún 1979 ni Alhaji Haruna Ishola, àgbà olórin àpàlà, dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan tí ó pè ní Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀rọ ibẹ̀ lè gba ohùn 24 sórí téèpù kan ṣoṣo, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé a lè gba agídìgbo lọ́tọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀, olórin àti àwọn elégbè rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ọ̀kan bá sì ga ju bí ó ti yẹ lọ, a lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láìfọwọ́ kan àwọn ìyókù. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà náà, ní 1969, òun àti I. K. Dairo olórin jùjú ti jùmọ̀ dá ilé-iṣẹ́ àwo orin STAR sílẹ̀, nítorí wọ́n ti rí i pé ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ó ń pàṣẹ fún orin.

Haruna mọ ìtumọ̀ àṣẹ yẹn dáadáa. Ní 1948 tí ó kọ́kọ́ ṣe àwo fún ilé-iṣẹ́ HMV, àwo náà kò tà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ojú kan àwo ìgbà náà ń gbà, olórin tí ó sì ti mọ́ lára láti fi wákàtí kan ki ẹnì kan lójú agbo níláti gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú bí ẹni tí ó ń fi wáyà ránṣẹ́. Nígbà tí àwo ńlá tí ń gba ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú kan dé, àpàlà tún rí àyè na ẹsẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe òní ni ẹ̀rọ ti ń bá olórin Yorùbá jíròrò lórí bí orin yóò ṣe rí.

Haruna Ishola kú ní 1983. Iṣẹ́ tí ó tìtorí rẹ̀ kọ́lé, tí ó sì kó ẹ̀rọ olówó iyebíye sínú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè máa fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣe é lónìí nínú yàrá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: kọ̀ǹpútà, gbohùngbohùn kan, ẹ̀rọ kékeré tí ń so gbohùngbohùn mọ́ kọ̀ǹpútà, ìgbọ́rọ̀ tí a ń fi bo etí, àti bóyá dùrù kékeré tí kò lè dún fúnra rẹ̀. Yóò ti fèrèsé, yóò fa aṣọ bò ó, yóò gbé tìmùtìmù ti ògiri kí ohùn má baà máa ta padà. Ọ̀tá rẹ̀ tí ó burú jù lọ ni ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò, nítorí gbohùngbohùn tí ó dára kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín olórin àti jẹnẹrétọ̀. Ọ̀pọ̀ orin tí àwọn ènìyàn ń jó sí lóde àríyá ni ó jẹ́ pé ọ̀gànjọ́ òru ni a gbà á sílẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ọgbọ́n máa ń wá lóru, bí kò ṣe nítorí pé àdúgbò ti pa ẹ̀rọ wọn.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń gba ohùn? Ìgbì ni ohùn nínú afẹ́fẹ́. Gbohùngbohùn a máa sọ ìgbì yìí di iná mànàmáná tí ń lọ sókè sódò bí ìgbì náà ti ń lọ, kọ̀ǹpútà yóò sì máa wọn gíga rẹ̀ léraléra. Ìwọ̀n tí a fi ṣe àwo CD, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1982, ni ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. A kò dédé yan iye yìí: etí ènìyàn lè gbọ́ ohùn tí ń gbọ̀n tó nǹkan bí ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìmọ̀ ìṣirò sì fi hàn pé ẹni tí ó bá fẹ́ kó ìgbì kan láìpàdánù níláti wọ̀n ọ́n ju ìlọ́po méjì iye ìgbà tí ó ń gbọ̀n. Nọ́ńbà ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, a sì lè kọ ọ́ sí ọ̀kan nínú ipele 65,536. Bí ó bá jẹ́ ohùn ọ̀tún àti òsì ni a gbà, ìṣẹ́jú kan yóò gba àyè tí ó lé díẹ̀ ní mẹ́gábáìtì mẹ́wàá. Nípa ọ̀nà yìí, ohunkóhun tí onílù bá fi ọ̀pá rẹ̀ sọ ni kọ̀ǹpútà gbà, pẹ̀lú gbogbo yíyọ́ àti fífà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì wà, òun ni ó sì gba ìrònú. Ní 1983 ni àwọn tí ń ṣe ohun èlò orin fi ẹnu kò lórí ìlànà kan tí a ń pè ní MIDI. Ìlànà yìí kì í tọ́jú ohùn rárá. Àṣẹ ni ó ń tọ́jú. Ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé: tẹ ohùn báyìí, tẹ̀ ẹ́ le tó báyìí, fi sílẹ̀ ní àkókò báyìí. A lè fi wé ìwé tí a kọ sí onílù pé kí ó lu báyìí báyìí, nígbà tí ọ̀nà àkọ́kọ́ jẹ́ onílù fúnra rẹ̀ lójú agbo. Ohùn 128 ni ìlànà náà mọ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè pátápátá, a sì tò wọ́n bí eyín dùrù òyìnbó, tí ó pín àlàfo láàárín ohùn kan àti ìkejì rẹ̀ tí ó bá a dọ́gba lókè sí ọgbọọgba méjìlá.

FL Studio, tí ilé-iṣẹ́ Image-Line ti orílẹ̀-èdè Belgium kọ́kọ́ gbé jáde ní 1997 lábẹ́ orúkọ FruityLoops, ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olórin Nàìjíríà fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá ṣí i yóò rí ìlà àwọn bọ́tìnnì kéékèèké, 16 lórí ìlà kan. Ó yan ìlù kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan, ó tẹ àwọn bọ́tìnnì tí ó fẹ́ kí ìlù náà dún sí, ẹ̀rọ yóò sì máa yí i po láìrẹ̀. Nínú ìdajì wákàtí, ẹni tí kò tí ì di ọ̀pá ìlù mú rí lè ní ìlù tí ó lè jó sí. Èyí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn orin fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò lówó gba ẹgbẹ́ onílù, tí kò sì sí Àyàn nínú ìdílé rẹ̀.

Síbẹ̀, ibi tí ìṣòro wà ni ìlù wa tí ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí ń ta ohùn ìlù fún kọ̀ǹpútà a máa gba ojú kan péré nínú ìlù gángan sílẹ̀, wọn a sì nà án sórí dùrù, kí ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lókè gbọ́ ohùn òkè, kí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀ gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀. Ìlù náà dún, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ohun tí ń jẹ́ kí gángan sọ̀rọ̀ kì í ṣe òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan, bí kò ṣe bí ohùn ṣe ń yọ́ láti ọ̀kan dé èkejì bí onílù ti ń fún ọṣán. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni ó mọ̀ pé ohùn òkè tí ó bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, bí ó ti wà nínú "ìwé", a máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó bá sì tẹ̀lé ohùn òkè, bí ó ti wà nínú "rárà", a máa yọ́ wá sílẹ̀. Ìlù tí kò lè yọ́ dà bí ẹni tí ń ka ìwé ní sílébù kọ̀ọ̀kan láìso wọ́n pọ̀.

Ohun kan náà ni ó kan ohùn ẹnu. Ní 1997 kan náà ni Auto-Tune jáde. Andy Hildebrand, ẹni tí ó ti kọ́kọ́ ń lo ìmọ̀ ìgbì ohùn láti fi wá epo rọ̀bì nínú ilẹ̀, ni ó ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbọ́ ohùn tí olórin fẹ́ kọ, kí ó sì tì í sórí ohùn dùrù tí ó sún mọ́ ọn jù lọ. Bí a bá jẹ́ kí ó yára gan-an, gbogbo yíyọ́ ni yóò di àtẹ̀gùn. Etí olólùfẹ́ orin a máa gbádùn ohùn tí ń tàn bí irin yìí, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú èdè tí ohùn jẹ́ apá kan ọ̀rọ̀, ohun tí a pa kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan. Ìyàwó tí ó bá ń kọrin kí ọkọ rẹ̀ káàbọ̀, tí a sì ti ohùn kejì rẹ̀ wálẹ̀, ti di ẹni tí ń kí ọkọ̀ tí ó dé sí gárééjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1953 ni T. K. E. Phillips, tí ó ti jẹ́ atẹdùrù àti olùdarí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Kàtídírà ti Krístì ní Èkó, gbé ìwé jáde lórí orin Yorùbá gẹ́gẹ́ bí àpapọ̀ ọ̀rọ̀ àti orin. Ohun tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé a ti túmọ̀ orin ìsìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, a sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ ohùn orin òyìnbó láìbìkítà fún àmì ohùn. Bí ènìyàn bá fara balẹ̀ wò ó, àṣìṣe kan náà ni ó tún padà wá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ohun tí ó sì fà á kì í ṣe irin tàbí iná, bí kò ṣe ètò iṣẹ́. Nínú àpàlà, ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣáájú. Olórin gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, ohùn orin bá ọ̀rọ̀ lọ, onílù sì dáhùn. Nínú kọ̀ǹpútà, ìlù àti dùrù ni a ń parí ná, a ó wá fi ránṣẹ́ sí olórin kí ó wá ọ̀rọ̀ fi kún un. Ọ̀rọ̀ tí ó dé kẹ́yìn níláti jókòó síbi tí ó bá ṣófo. Lóòótọ́, orin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, àwọn baba wa pàápàá a máa fa ohùn kan gùn tàbí kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nítorí adùn. Ṣùgbọ́n àwọn a máa mọ ibi tí ìtumọ̀ kò ti ní bàjẹ́.

Nítorí náà, àtúnṣe kò ṣòro. Kí olórin kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú gbohùngbohùn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lásán, kí ó fi ohùn orin wá a lẹ́yìn, kí ìlù tó dé. Bí ó bá sì fẹ́ lo MIDI, kí ó mọ̀ pé ìlànà náà ní kẹ̀kẹ́ tí a fi ń fa ohùn, tí ó ní ìdúró 16,384. Suúrù ni a fi ń yà á lórí kọ̀ǹpútà, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì lè gba wákàtí kan láti jẹ́ kí gángan ayédèrú sọ gbólóhùn kan. Ó rọrùn jù láti pe onílù. Onílù kan, gbohùngbohùn kan, ìdajì wákàtí: ohun tí a ó rí gbà yóò tó orin márùn-ún.

Òǹkà ìlù pẹ̀lú ní ìjà tirẹ̀. Bọ́tìnnì 16 tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń gbé síwájú ènìyàn kò bá kóńkóló mu, ìlù agogo tí ojú rẹ̀ jẹ́ méje nínú ìṣísẹ̀ 12, tí Anthony King kọ nípa rẹ̀ ní 1960. Ẹni tí ó bá mọ̀ yóò yí 16 padà sí 12, iṣẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni; ẹni tí kò mọ̀ yóò fún kóńkóló mọ́ inú aṣọ tí a kò rán fún un. Bákan náà ni ẹ̀rọ a máa fa gbogbo ojú ìlù sórí ìlà gan-an, bẹ́ẹ̀ onílù tí ó mọ iṣẹ́ a máa fi ọgbọ́n pẹ́ díẹ̀ tàbí yá díẹ̀. A lè pa àṣẹ yìí nínú ẹ̀rọ, ó sì yẹ kí a máa pa á.

Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lè rí èrè níbí. Audacity, tí ó jáde ní 2000, kò náni ní kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Praat, tí Paul Boersma àti David Weenink ti Yunifásítì Amsterdam ṣe fún ìmọ̀ ìró èdè. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan pe gbólóhùn kan, kí onílù fi gángan pe gbólóhùn kan náà, kí a wá fi Praat ya ìlà ohùn méjèèjì sójú kan. Ọmọ tí àmì ohùn ti ń sú lójú ìwé yóò rí i pé ohun tí a lè fojú rí ni. Ọjọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, dára fún irú ìkójọ bẹ́ẹ̀, bí a bá lè bá àwọn onílù sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí wọ́n sì dúró síbi tí ariwo kò pọ̀. Gbogbo ìlù kọ́ ni ó wà fún gbohùngbohùn, ṣá o. Àgbá àwọn Òṣùgbó ní àwọn tí ó ni ín, ọ̀dọ̀ wọn ni àṣẹ wà.

Ẹni tí ó bá kó ìlù jọ kò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ sí MP3 nìkan, nítorí MP3 a máa ju apá kan ohùn nù kí fáìlì lè kéré. WAV ni kí ó lò, kí ó sì ní ẹ̀dà rẹ̀ síbi méjì ó kéré tán. Kí ó kọ orúkọ onílù, ìlú rẹ̀, ọjọ́ tí a gbà á, àti ọ̀rọ̀ tí ìlù náà ń sọ gan-an pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ sínú ìwé tí yóò bá fáìlì náà rìn. Láàárín àádọ́ta ọdún, kọ̀ǹpútà ìgbà náà lè ṣí fáìlì náà láìsí ìyọnu, kí ó má sì sí ẹnì kan tí yóò mọ ohun tí gángan wí.