Oògùn Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀: Àgbà Ló Jà, Ọmọdé Ló Jìyà Ẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Ungwan Dosa, bí àwọn elétò ìlera bá gbé oògùn àjẹsára dé ẹnu ọ̀nà, ilé kan á ní kí wọ́n wọlé, ilé kejì á ní ọmọ ò sí nílé. Àwọn kan ń pe èyí ní àìmọ̀wé. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2003, Ìgbìmọ̀ Ṣàríà, tí Datti Ahmed jẹ́ olórí rẹ̀, ní oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ń sọ obìnrin di àgàn. Dókítà ìṣègùn sì ni baba náà o! Kánò, Zamfara àti Kàdúná wa níbí dá oògùn náà dúró. Kánò ò gbà á padà títí di oṣù keje ọdún 2004, nígbà tí wọ́n kó o wá láti Indonesia, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí.

Kí ló dé táwọn èèyàn fi gbà á gbọ́? Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Lọ́dún 1996, nígbà tí àìsàn yírùnyírùn ń jà ní Kánò, iléeṣẹ́ Pfizer dán oògùn wò lára ọgọ́rùn-ún méjì ọmọ. Mọ́kànlá kú. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fáwọn pé ìdánwò ni. Pfizer ní oògùn òun kọ́ ló pa wọ́n. Ìbò ọdún 2003 náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, inú ọ̀pọ̀ ará Òkè Ọya ò dùn sí ìjọba Ọbásanjọ́, Amẹ́ríkà sì ń jagun ní Iraq. Ẹni tó bá kọ oògùn Abuja àti ti òyìnbó dà bí ẹni tó ń gbèjà ìlú. Mẹ̀kúnnù náà ń béèrè pé: oògùn ibà ò sí ní ọsibítù, èwo ni ti èyí tí wọ́n ń gbé wá sílé lọ́fẹ̀ẹ́?

Ọmọ tó lé ní 1,100 ni àìsàn náà mú ní Nàìjíríà lọ́dún 2006. Kòkòrò tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ dé Indonesia gan-an lọ́dún 2005, ó mú ọmọ tó lé ní 300.

Ìgbà táwọn ọba àti lèmọ́mù dá sí i ni ilẹ̀kùn ṣí. Ní August 25, 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò àìsàn yìí tó ti wà láti ayébáyé ti kúrò ní Áfíríkà. Àmọ́ oríṣi kan tó ń ti ara kòkòrò inú oògùn náà yọ, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ò ti gba oògùn, kò tíì tán.

Ẹ má sì jẹ́ ká fi Hausa ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà Kòrónà, irú àhesọ yìí náà jà láàárín àwa Yorùbá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè gbogbo ohun tó bá ń kọ yín lóminú lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ̀yin olóṣèlú, ẹ wá nǹkan mìíràn jà lé lórí. Ẹsẹ̀ ọmọ tó bá rọ kì í nà mọ́ lẹ́yìn ìbò.